Àwọ̀ Ẹja Òkun Kì Í Ṣe Orúkọ Rẹ̀: Bí A Ṣe Ń Dá Ẹja Mọ̀ Láti Ara Àwọ̀

Ẹnì kan ya àwòrán ẹja kan lábẹ́ òkun, ó gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ara ẹja náà búlúù, ìrù rẹ̀ yẹ́lò. Ó béèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́, irú ẹja wo nìyí?" Kí ilẹ̀ tó ṣú, orúkọ ti pọ̀ nílẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ fi gbogbo ẹnu sọ pé Paracanthurus hepatus ni. Ẹnì kejì ní rárá, Acanthurus coeruleus ni. Ẹnì kẹta ní irú angelfish kan ni. Ohun èlò tó ń dá àwòrán mọ̀ lórí fóònù tún mú orúkọ tirẹ̀ wá. Ẹni tó béèrè wá dúró bí ẹni tí kò tíì béèrè rárá.

Kò sí ẹni tó purọ́ nínú wọn. Gbogbo wọn kàn ń wo àwọ̀ bí ẹni pé orúkọ tí wọ́n kọ sára ẹja ni. Lóòótọ́, àwọ̀ wúlò púpọ̀ nínú òkun ilẹ̀ olóoru. Òun ni ojú kọ́kọ́ ń rí lórí òkìtì iyùn, ìgbà mìíràn sì wà tó jẹ́ pé òun nìkan ló ya ẹja kan sọ́tọ̀ sí èkejì. Àmọ́ àwọ̀ ẹja a máa yí padà bí ó ṣe ń dàgbà, bí ó bá di akọ, bí ilẹ̀ bá ṣú, bí ẹ̀rù bá bà á, àti bí omi bá ṣe jìn tó. Nítorí náà, iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ ni ká mọ èyí tó ṣeé gbára lé nínú ohun tí ojú rí, ká sì mọ èyí tí kò ṣeé gbára lé.

Mo máa lo orúkọ tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fún àwọn ẹja wọ̀nyí, torí pé orúkọ tí àwọn èèyàn ń pè wọ́n lẹ́nu máa ń yàtọ̀ láti èbúté kan sí òmíràn. Ibi tí mo bá sì ti sọ pé ẹ̀yà, àwọn ẹja tó ń bá ara wọn bímọ, tí irú wọn sì ń tẹ̀ síwájú láti ìran dé ìran, ni mò ń sọ.

## Kí ni àwọ̀, kí sì ni àmì?

Ohun méjì ni àwọn èèyàn máa ń pa pọ̀ tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ àwọ̀ ẹja. Èkíní ni àwọ̀ fúnra rẹ̀: pupa, yẹ́lò, búlúù, dúdú, funfun. Èkejì ni àmì, ìyẹn bí àwọn àwọ̀ náà ṣe tò sára ẹja: ìlà, tóótòòtó, òrùka, àbàwọ́n. Àwọ̀ lè ṣá, ó lè ṣókùnkùn, ó tilẹ̀ lè pòórá nínú àwòrán. Àmì kì í tètè ṣe bẹ́ẹ̀. Bí yẹ́lò ara ẹja bá tilẹ̀ ti di eérú, ìlà dúdú tó gba ojú rẹ̀ kọjá yóò ṣì máa hàn. Ẹni tó bá fẹ́ ṣàpèjúwe ẹja fún ẹlòmíràn, àmì ni kó kọ́kọ́ sọ.

Ìlà pàápàá pín sí méjì, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ sì ti máa ń ṣi ara wọn gbọ́. Ìlà òró ni èyí tó ti ẹ̀yìn ẹja sọ̀ kalẹ̀ wá sí ikùn. Ìlà ìbú ni èyí tó ti orí lọ sí ìrù. Ara ẹja ni ìwọ̀n, kì í ṣe ara àwòrán. Bí ẹja bá forí sókè nínú àwòrán, ìlà òró rẹ̀ yóò dà bí ìlà ìbú lójú yín, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ kò yí padà. Ẹ fọkàn dá ẹja náà dúró bí ìgbà tó ń wẹ̀ lọ geere, kẹ́ ẹ tó pè é ní ọ̀kan.

Àmì kan tún wà tó yẹ kí ẹ mọ̀, òun ni ojú èké. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹja pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pè ní butterflyfish ní ìlà dúdú tó gba ojú gidi kọjá, débi pé ojú náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má hàn. Àwọn kan wá ní àmì dúdú roboto lẹ́bàá ìrù, tó jọ ojú tó là kalẹ̀. Chaetodon capistratus ti Òkun Kàríbíánì ní irú rẹ̀, òrùka funfun sì yí àmì náà ká. Ẹja apẹran tó bá fẹ́ bù ú lórí lè bù ú ní ìdí, kí ẹja náà sì ti bá ibòmíràn lọ. Fún àwa tó ń fẹ́ mọ orúkọ rẹ̀, ẹ máa wo ibi tí ojú èké náà wà, bó ṣe tóbi tó, àti irú òrùka tó yí i ká.

## Níbo ni àwọ̀ ẹja ti ń wá?

Awọ ẹja kún fún àwọn sẹ́ẹ̀lì wínníwínní tó gbé àwọ̀ dání. Àwọn kan gbé dúdú, àwọn kan gbé yẹ́lò, àwọn kan gbé pupa. Àwọn mìíràn kò gbé àwọ̀ kankan. Ohun pẹlẹbẹ kéékèèké tó ń dán ló wà nínú wọn, ìmọ́lẹ̀ á bà á, á sì ta padà. Láti ara irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ ni búlúù ọ̀pọ̀ ẹja ti ń wá. Búlúù náà kì í ṣe ohun tí a lè fọ̀ kúrò tàbí ká rẹ aṣọ sínú rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ló ń dá bírà. Àwọn ẹja tí a mọ̀ pé wọ́n ní àwọ̀ búlúù gidi nínú sẹ́ẹ̀lì wọn ṣọ̀wọ́n púpọ̀. Ẹja mandarin, Synchiropus splendidus, àti ìbátan rẹ̀ Synchiropus picturatus ni a sábà máa ń tọ́ka sí.

Ohun tó kan àwa tó ń dá ẹja mọ̀ nínú èyí ni pé sẹ́ẹ̀lì dúdú kì í dúró sójú kan. Àwọn hóró dúdú inú rẹ̀ lè kóra jọ sí àárín, awọ ẹja á sì mọ́lẹ̀ sí i. Wọ́n sì lè fọ́n ká, awọ á ṣókùnkùn. Iṣan ọpọlọ àti èròjà inú ẹ̀jẹ̀ ló ń darí wọn, kì í sì í pẹ́. Ẹja tó ń jà, ẹja tí ẹ̀rù bà, àti ẹja tó ń sùn lè jẹ́ ẹja kan ṣoṣo tó ní ìrísí mẹ́ta. Zebrasoma flavescens, tí gbogbo ara rẹ̀ yẹ́lò roro lọ́sàn-án, máa ń ṣá lóru. Àbàwọ́n pupa rúsúrúsú á yọ láàárín ara rẹ̀, ìlà ìbú funfun kan á sì hàn níbẹ̀. Tí ilẹ̀ bá mọ́, ó tún di yẹ́lò. Ẹni tó bá fi iná ya á ní òru lè búra pé òun rí ẹ̀yà tuntun.

Ikú tún wá yàtọ̀. Coryphaena hippurus, tí wọ́n ń pè ní mahi-mahi, máa ń kọ yànrànyànràn ní wúrà, àwọ̀ ewé àti búlúù nígbà tó wà láàyè. Tó bá ti jáde nínú omi tó sì kú, kò ní pẹ́ tí gbogbo rẹ̀ yóò fi di eérú. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹja tí wọ́n rì sínú ìgò oògùn ní ilé ìkóhun-ìwádìí-sí: pupa àti yẹ́lò á kọ́kọ́ lọ, dúdú ló máa ń pẹ́ jù. Èyí ló fà á tí àpèjúwe àwọn onímọ̀ ìgbà àtijọ́ fi kún fún ìlà dúdú àti àbàwọ́n dúdú, tí wọn kì í sì í sọ púpọ̀ nípa ẹwà ẹja náà. Ẹja tó ti ṣá ni ọkọ̀ ojú omi gbé wá bá ọ̀pọ̀ nínú wọn.

## Kí ló dé tí àwòrán abẹ́ omi fi ń tan ojú jẹ?

Omi máa ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì, pupa ló sì kọ́kọ́ ń gbé mì. Láàárín mítà márùn-ún sí mẹ́wàá péré, pupa ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú ìmọ́lẹ̀ oòrùn tó wọ omi. Àwọ̀ ọsàn ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà yẹ́lò. Búlúù ló máa ń jìn jù lọ. Ẹja tó pupa bí ẹ̀jẹ̀ lórí omi yóò dà bí eérú tàbí dúdú níbi tó jìn, gbogbo àwòrán tí a kò fi iná yà á sì di búlúù àti àwọ̀ ewé. Tí ẹ bá rí ẹja kan tí wọ́n ní "búlúù ni" nínú irú àwòrán bẹ́ẹ̀, ẹ kọ́kọ́ wo iyanrìn tó wà lábẹ́ rẹ̀. Bí iyanrìn funfun bá ti di búlúù, ẹ má gba àwọ̀ ẹja náà gbọ́. Ohun èlò tó ń tún àwọ̀ àwòrán ṣe kò sì ràn wá lọ́wọ́ tó bí a ṣe rò, torí ó lè fi pupa sí ibi tí pupa kò sí rí.

## Ṣé ẹja kan lè pààrọ̀ àwọ̀ pátápátá?

Bẹ́ẹ̀ ni, ibí gan-an sì ni ọ̀rọ̀ ti díjú jù. Ẹ wo ẹnì kan tó wọ aṣọ ilé-ìwé ní kékeré, tó wọ aṣọ iṣẹ́ nígbà tó dàgbà, tó tún wọ aṣọ ìgbéyàwó. Àlejò tó bá rí àwòrán mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láìmọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ lè pè é ní èèyàn mẹ́ta. Ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn onímọ̀ àtijọ́ àti ẹja nìyẹn.

Pomacanthus imperator, emperor angelfish, wà láti Òkun Pupa títí dé àwọn erékùṣù Òkun Pàsífíìkì. Bloch, oníṣègùn ọmọ Jámánì, ló fún un lórúkọ ní 1787. Ọmọ rẹ̀ ní àwọ̀ búlúù tó ṣókùnkùn, òrùka funfun àti òrùka búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ wà lára rẹ̀, ọ̀kan nínú òmíràn, tí èyí tó kéré jù wà níhà ìrù. Àgbà rẹ̀ kò ní òrùka kankan. Ìlà yẹ́lò àti búlúù ló ní, wọ́n ń lọ láti ẹ̀yìn orí sí ìdí ìrù. Ìbòjú dúdú bo ojú rẹ̀, ìrù rẹ̀ sì yẹ́lò. Ẹni tó bá fi méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kò ní gbà láéláé pé baba àti ọmọ ni. Abájọ tí ọmọ fi ní orúkọ tirẹ̀ nígbà kan, tí àgbà sì ní tirẹ̀. Ohun tó wá tú àṣírí ni pé àwọn èèyàn rí èyí tó wà láàárín: òrùka ń parẹ́, ìlà yẹ́lò ń yọ, lára ẹja kan ṣoṣo.

Àlàyé tí wọ́n sábà máa ń ṣe ni pé àgbà ẹja yìí kì í fẹ́ rí irú ara rẹ̀ lágbègbè rẹ̀, á lé e, á sì bù ú jẹ. Ọmọ tó wọ aṣọ mìíràn kò jọ ọ̀tá lójú rẹ̀, nítorí náà ó lè máa gbé nítòsí ní àlàáfíà títí tí yóò fi tóbi.

Ọmọ àwọn ìbátan rẹ̀ sì jọ ara wọn. Ọmọ Pomacanthus semicirculatus náà búlúù, ó sì ní ìlà funfun. Ẹ tọpa ìlà náà níhà ìrù. Bó bá yí po tó fi pé òrùka, imperator ni. Bó bá kàn tẹ̀ bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, tí kò pé òrùka, semicirculatus ni. Àwọ̀ kan náà ni méjèèjì. Àmì ló là wọ́n.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ẹja aláwọ̀ búlúù tó ní ìrù yẹ́lò. Acanthurus coeruleus, tó ń gbé ní ìwọ̀ oòrùn Òkun Àtìláńtíìkì àti Òkun Kàríbíánì, yẹ́lò láti orí dé ìrù nígbà tó kéré. Bó ṣe ń dàgbà, búlúù á máa bo ara rẹ̀, ìrù ló sì máa ń gbẹ́yìn. Nítorí náà, ìgbà kan wà láyé rẹ̀ tí ara rẹ̀ á jẹ́ búlúù, tí ìrù rẹ̀ á ṣì yẹ́lò, ìgbà yẹn sì ni gbogbo ayé á pè é ní Paracanthurus hepatus. Paracanthurus ní tirẹ̀ ní àmì dúdú fífẹ̀ kan ní ẹ̀gbẹ́, tó ti ẹ̀yìn ojú lọ sí ìrù, tó sì tún tẹ̀ padà wá síwájú, tí àyè búlúù kan sì dá dúró láàárín rẹ̀. Kò sí àmì dúdú yẹn lára ẹja Àtìláńtíìkì. Nígbà tí ẹja Àtìláńtíìkì yìí bá sì wà ní kékeré, tí gbogbo ara rẹ̀ yẹ́lò, àwọn èèyàn á tún pè é ní Zebrasoma flavescens, ẹja Òkun Pàsífíìkì tó pọ̀ ní Hawaii. Ẹja kan, àṣìpè méjì, ní ìgbà méjì láyé rẹ̀.

Ọjọ́ orí nìkan kọ́ ló ń pààrọ̀ aṣọ. Ẹja tí wọ́n ń pè ní stoplight parrotfish, Sparisoma viride, lè bẹ̀rẹ̀ ayé ní abo, kó sì di akọ nígbà tó bá tóbi. Ní ìpele àkọ́kọ́, ara rẹ̀ pupa rúsúrúsú, àwọn ìpẹ́ funfun tò sí i lára, ikùn rẹ̀ sì pupa fòò. Ní ìpele ìkẹyìn, ó di àwọ̀ ewé, àmì yẹ́lò kan sì yọ lókè ìdérí ibi tó fi ń mí, òmíràn ní ìdí ìrù. Wọ́n ti ka méjèèjì sí ẹ̀yà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ rí. Thalassoma bifasciatum náà rí bẹ́ẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn yẹ́lò, wọ́n sì kéré. Àwọn akọ ńlá díẹ̀ ní orí búlúù, ìlà òró dúdú méjì lẹ́yìn orí tí funfun wà láàárín wọn, ara tó kù sì jẹ́ àwọ̀ ewé. Bí akọ ńlá bá kú, abo tó tóbi jù lè di akọ, kó sì gbé aṣọ náà wọ̀.

Nítorí èyí, ẹ má béèrè pé "ẹja wo ló ní àwọ̀ yìí?" nìkan. Ẹ béèrè pé ẹja wo ló ní àwọ̀ yìí ní ìwọ̀n ara yìí. Sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta àti sẹ̀ǹtímítà ọgbọ̀n kì í ṣe ìbéèrè kan náà.

## Kí la ó ṣe nígbà tí ẹja méjì bá jọra?

Àwọn ẹja kékeré aláwọ̀ ọsàn tó ní ìlà òró funfun mẹ́ta, tí wọ́n ń gbé láàárín ọwọ́ anemone, ẹranko abẹ́ òkun tó dà bí òdòdó, ló dára jù láti fi kọ́ èyí. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé clownfish kan ṣoṣo ló wà. Ní tòótọ́, ẹ̀yà wọn tó bí ọgbọ̀n, méjì nínú wọn sì jọra débi pé àwọn tó ń tà wọ́n pàápàá máa ń gbé ọ̀kan pe èkejì: Amphiprion ocellaris àti Amphiprion percula.

Ẹ kọ́kọ́ wo ẹ̀bá ìlà funfun. Lára percula, dúdú tó yí funfun ká sábà máa ń nípọn, nígbà mìíràn á tilẹ̀ gba gbogbo àárín ìlà méjì. Lára ocellaris, dúdú náà tín-ín-rín, tàbí kó má sí rárá. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ojú. Òrùka ojú percula máa ń jẹ́ àwọ̀ ọsàn tó mọ́lẹ̀, ojú rẹ̀ á sì dà bí èyí tó kéré. Ti ocellaris ṣókùnkùn díẹ̀, ojú rẹ̀ á dà bí èyí tó tóbi. Gbogbo èyí ni "sábà". Percula tí dúdú rẹ̀ tín-ín-rín wà. Ocellaris tó dúdú pátápátá, tí funfun nìkan ló kù lára rẹ̀, náà wà ní ìhà àríwá Ọsirélíà, ní etíkun Darwin.

Nígbà tí àwọ̀ bá ti tú wa ká báyìí, ẹ̀gún ló kù. Lẹbẹ ẹ̀yìn ẹja ní ẹ̀gún líle níwájú. Ocellaris sábà máa ń ní 11, percula 10. Ẹ kò lè kà á lára ẹja tó ń sáré, ṣùgbọ́n ẹ lè kà á lára àwòrán tó mọ́ kedere, tí lẹbẹ náà là. Ibi tó ń gbé náà á ràn yín lọ́wọ́: ocellaris wà ní ìlà oòrùn Òkun Íńdíà àti ìwọ̀ oòrùn Pàsífíìkì, tó fi mọ́ Indonéṣíà àti Fílípíìnì; percula wà ní àríwá Queensland ní Ọsirélíà, Papua New Guinea, àwọn erékùṣù Solomon àti Vanuatu.

Ọ̀rọ̀ akọ àti abo tún yàtọ̀ níbí. Akọ ni gbogbo clownfish fi ń bẹ̀rẹ̀. Èyí tó tóbi jù nínú ilé ni abo. Bó bá kú, akọ tó tẹ̀ lé e á di abo. Ṣùgbọ́n lára ẹ̀yà méjì yìí, àwọ̀ kì í yí padà lọ́nà tí ojú lè fi mọ̀. Èyí tó tóbi ni kẹ́ ẹ fura sí.

## Kí ni ká wò nígbà tí ẹja bá ń sín ẹja mìíràn jẹ?

Àwọ̀ ṣeé jí wọ̀, àwọn ẹja kan sì mọ̀ ọ́n ṣe. Labroides dimidiatus jẹ́ ẹja kékeré tó ní ìlà ìbú dúdú kan lórí búlúù fẹ́ẹ́rẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa jẹ kòkòrò ara àwọn ẹja ńlá, wọ́n á sì dúró jẹ́ẹ́ fún un. Aspidontus taeniatus wọ irú aṣọ náà gẹ́lẹ́, ó tilẹ̀ máa ń wẹ̀ bí i tirẹ̀. Bí ẹja ńlá bá ti dúró, yóò bù ú jẹ ní lẹbẹ, yóò sì sá. Ẹnu ló ń tú u fó: ẹnu ti ẹja onítọ̀ọ́jú wà ní ṣóńṣó imú, ẹnu ti èkejì wà lábẹ́, imú sì yọ bò ó.

Canthigaster valentini ní tirẹ̀ ní májèlé lára, àbàwọ́n dúdú mẹ́rin sì wà lẹ́yìn rẹ̀ lórí ara funfun tó kún fún tóótòòtó. Àwọn apẹran mọ̀ ọ́n, wọ́n sì ń yà fún un. Paraluteres prionurus kò ní májèlé yẹn, ṣùgbọ́n ó jọ ọ́ débi pé àwọn tó ń wẹ̀ lábẹ́ òkun fún ọ̀pọ̀ ọdún pàápàá máa ń ṣì í pè. Lẹbẹ ẹ̀yìn àti lẹbẹ abẹ́ rẹ̀ gùn lọ sí ẹ̀yìn. Ti ẹja olóró kúrú, wọ́n sì dà bí abẹ̀bẹ̀ kékeré.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni ọmọ Acanthurus pyroferus. Ó máa ń wọ aṣọ angelfish kékeré tó bá wà ládùúgbò rẹ̀. Níbi tí Centropyge flavissima pọ̀ sí, yóò jẹ́ yẹ́lò. Níbi tó jẹ́ Centropyge vrolikii ló pọ̀, yóò jẹ́ eérú níwájú àti dúdú lẹ́yìn. Ẹ̀yà kan, ọmọ aláwọ̀ méjì, láti erékùṣù kan sí òmíràn. Bó bá dàgbà, á bọ́ aṣọ náà sọ nù, á di pupa rúsúrúsú.

Ohun tí kò ṣeé jí ni eegun. Àwọn angelfish ní ẹ̀gún kan tó yọ síta ní ìsàlẹ̀ ẹ̀rẹ̀kẹ́. Àwọn surgeonfish, tí pyroferus, Acanthurus coeruleus àti Paracanthurus wà lára wọn, kò ní in. Abẹ mímú ni tiwọn, ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ìdí ìrù. Butterflyfish kò ní ẹ̀gún ẹ̀rẹ̀kẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kò ní abẹ. Ẹni tó bá wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ìdí ìrù kó tó wo àwọ̀ ti yọ ara rẹ̀ nínú ìdajì àṣìṣe. Nínú ẹja tí a fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ẹni tó pè é ní angelfish ni ìdáhùn rẹ̀ jìnnà jù, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹja náà ì bá sì ti sọ fún un.

## Ṣé ibi tí ẹja wà ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀?

Ó ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ. Ìlà funfun àti pupa lionfish kò lè jẹ́ kí ẹ mọ̀ bóyá Pterois volitans ni tàbí Pterois miles. Miles jẹ́ ti Òkun Pupa àti Òkun Íńdíà, volitans jẹ́ ti Pàsífíìkì àti ìlà oòrùn Òkun Íńdíà. Bí ẹ bá mọ ibi tí wọ́n ti ya àwòrán náà, iṣẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Àmọ́ èèyàn ti da èyí náà rú. Láti àwọn ọdún 1980 ni lionfish ti ń hàn ní Florida, tó sì ti tàn ká Òkun Kàríbíánì, ọ̀pọ̀ sì gbà pé inú àpótí omi àwọn tó ń sin ẹja ló ti bọ́ sókun. Miles gba ọ̀nà omi Suez tí èèyàn gbẹ́ wọ Òkun Mẹditaréníà. Nítorí náà, "kì í gbé ibẹ̀" jẹ́ ẹ̀rí tó lágbára, kì í ṣe ìdájọ́.

Ibi tí òkun méjì ti pàdé tún ní ìṣòro tirẹ̀. Ní erékùṣù Christmas tó wà ní Òkun Íńdíà, àwọn ẹja Íńdíà àti àwọn ẹja Pàsífíìkì ń pàdé, wọ́n sì ń bí àdàlù ọmọ, pàápàá láàárín angelfish àti butterflyfish. Ẹja tó mú àmì ẹ̀yà méjì pọ̀ lè máà ní orúkọ tí ẹ ń wá rárá.

## Ṣé ìgbà kankan wà tí àwọ̀ nìkan tó?

Ó wà. Àwọn ẹja kékeré Hypoplectrus, tí wọ́n ń pè ní hamlet, ń gbé ní Òkun Kàríbíánì àti àyíká rẹ̀. Ara wọn rí bákan náà, lẹbẹ wọn bákan náà. Gemma búlúù, nigricans dúdú, gummigutta yẹ́lò, puella ní ìlà òró. Nínú wọn, àwọ̀ nìkan ni ojú lè fi ya ẹ̀yà sọ́tọ̀, àwọn ẹja náà sì ń fi í yan ara wọn: aláwọ̀ kan sábà máa ń bá aláwọ̀ tirẹ̀ gùn. Nígbà tí àwọn onímọ̀ wo inú àbùdá wọn, ìyàtọ̀ tí wọ́n rí kéré jọjọ, ó sì wà níbi tó kan àwọ̀ àti ìríran. Èyí ló fà á tí àwọn onímọ̀ fi ń jiyàn lórí iye ẹ̀yà tí wọ́n jẹ́ gan-an. Lójú tèmi, hamlet ni ìdáhùn fún ẹni tó bá ní àwọ̀ kò já mọ́ nǹkan kan.

## Irú àwòrán wo ló lè mú ìdáhùn tòótọ́ wá?

John Randall, onímọ̀ ẹja tó ṣiṣẹ́ ní Hawaii, tó sì kú ní 2020, fún ẹja tó lé ní 800 lórúkọ. Ó gbajúmọ̀ fún bó ṣe máa ń ya ẹja tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú: á tẹ́ ẹ ní ẹ̀gbẹ́, á na gbogbo lẹbẹ rẹ̀, á sì ya á kí àwọ̀ tó ṣá. Ẹni tó wà lábẹ́ omi kò lè na lẹbẹ ẹja, ṣùgbọ́n ó lè dúró dìgbà tí ẹja bá yí ẹ̀gbẹ́ sí i. Àwòrán ẹ̀gbẹ́ kan tó mọ́ sàn ju àwòrán iwájú mẹ́wàá lọ, torí iwájú kì í fi ìlà hàn. Ẹ fi iná yà á bó bá jìn. Ẹ ya ju ẹyọ kan lọ, kí ìṣẹ́jú díẹ̀ wà láàárín wọn, kí àwọ̀ ìbẹ̀rù lè kúrò.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ohun tí àwòrán kò lè sọ: òkun wo, mítà mélòó, ọ̀sán tàbí òru, bí ẹja náà ṣe gùn tó, ohun tó ń ṣe, àti bóyá ó wà lóun nìkan. Bí ẹni tí ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bá ní òun mọ ẹbí rẹ̀ ṣùgbọ́n òun kò lè dá ẹ̀yà rẹ̀ mọ̀, ẹ má bínú sí i. Àwọn onímọ̀ pàápàá ní bí wọ́n ṣe ń kọ ìyẹn sílẹ̀: Hypoplectrus sp., ìyẹn ni pé ọ̀kan nínú àwọn Hypoplectrus ni, a kò tíì mọ èwo.